Epo Tó Ba Ohùn Ọkọ̀ Ìyàwó Tíṣà Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ìtàn tí mo gbé bọ̀ lónìí ní ọlọ́pàá nínú, ó ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì ní ọkọ̀ pupa kan tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá ń kánjú, kó yáa máa lọ báyìí, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dúró lẹ́sẹ̀ kan gbọ́. Ẹni tó bá jókòó tì mí, mo ṣèlérí fún un pé kò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìgò kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé ìgò ọ̀hún ka orí tábìlì Ìnsípẹ́kítọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Adákẹ́. Epo ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Adákẹ́ fún yín. Obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ẹ má rò pé kò lẹ́nu ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ tó bá ti bi èèyàn ní ìbéèrè kan, á dákẹ́, á máa wo onítọ̀hún, títí ìdákẹ́jẹ́ náà á fi wúwo lórí ẹni yẹn, tí yóò sì sọ ẹrù ọ̀hún kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Olè ni mẹkáníìkì wa, Ọ̀gá," ni nọ́ọ̀sì náà wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Epo yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó jókòó, ó sì rò ó. Mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù, torí òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ayàwòrán ilé ni ìyá rẹ̀, ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi ọkọ̀ asáré pupa kan sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í mu epo lásán. Súpà ni wọ́n ṣe é fún, epo olówó gọbọi yẹn. Bàbá rẹ̀, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, kì í wa ọkọ̀ mọ́. Dókítà ojú ti kà á léèwọ̀ fún un láti ọdún méjì, torí ojú òsì rẹ̀ ti ṣú. Mẹkáníìkì ló máa ń wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Á mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó pálọ̀, á bu súpà sí táǹkì, á wa ọkọ̀ náà yí ká àdúgbò kí ara rẹ̀ lè yá, á sì dá a padà sí gáráàjì.

"Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá mi ní ohùn ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Mo pe mẹkáníìkì mìíràn, ó fa epo díẹ̀ jáde, ó ní epo lásán wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, Ọ̀gá. Súpà láwọ̀ ewé. Epo lásán ló ń pupa bíi tíì tí kò ní wàrà."

Adákẹ́ gbé ìgò náà sókè síbi fèrèsé. Kò dúdú bí ewé, kò sì pupa. Ó dà bí omi odò lẹ́yìn òjò.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ mú un. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jẹun lọ́dọ̀ wa." Mátírọ́ọ̀nù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ohùn ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù tí mo lè gbọ́, tí n óò rò pé Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ó wá fi epo olówó pọ́ọ́kú bà á jẹ́."

*

Ẹlẹ́tí ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, torí ó máa ń gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kó tó gbé irin iṣẹ́. Kí Adákẹ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Kọ́bùrù, ọlọ́pàá abẹ́ rẹ̀ tó rán ṣíwájú, ti di ọkùnrin náà ní ṣòkòtò mú lójú àwọn oníbàárà, ó sì ti fa kẹ́ẹ̀gì kan yọ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́.

"Mo ti rí i, Ọ̀gá," ni Kọ́bùrù wí. "Epo pupa. Ẹjọ́ ti parí."

"Tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ ná kí ẹjọ́ tó parí."

Adákẹ́ ti ìka bọ kẹ́ẹ̀gì náà. Ìka rẹ̀ jáde dúdú, gírísì yí i ká.

"Epo tí mo fi ń fọ irin nìyẹn, Màmá," ni Ẹlẹ́tí wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, àmọ́ kò gbójú sókè. "Súpà tí mo rà sílẹ̀ fún Sátidé ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Adákẹ́ ṣí ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó mọ́ gaara, àwọ̀ ewé ni. Síbẹ̀, ẹ̀sùn wà nílẹ̀, ó sì ní láti mú un dání. Bí wọ́n ṣe ń lọ, àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá fún àtúnṣe ti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa jẹ́jẹ́, ó wọ inú rẹ̀, ó sì wà á lọ láìtún un ṣe. Ẹlẹ́tí rí i.

*

Ilé epo kan ṣoṣo ló ń ta súpà ní gbogbo agbègbè yẹn. Obìnrin tó dúró ti ẹ̀rọ epo níbẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ orúkọ Ẹlẹ́tí.

"Oníyọnu yẹn? Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tí kì í wá. Á ní kí n kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ìgò kí òun wo àwọ̀ rẹ̀ lójú òòrùn. Mo bi í léèrè pé ṣé epo lò ń rà àbí ìyàwó lò ń fẹ́."

"Ṣé ẹ kì í da méjèèjì pọ̀ níbí?"

"Ẹ bù ú, kí ẹ lọ dán an wò."

Adákẹ́ bù ú, ó dán an wò, kò lábùlà. Nínú ọkọ̀, Kọ́bùrù ní, "Ó lè ra súpà níbí, kó tà á lójú ọ̀nà, kó wá bu epo lásán sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, Ọ̀gá."

"Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgò yẹn á pupa délẹ̀. Àwọ̀ tí mo rí, àwọ̀ àdàlù ni. Ọwọ́ kan ń bu súpà. Ọwọ́ mìíràn ń bu epo lásán. Ọwọ́ méjèèjì kò mọ ara wọn."

"Ọwọ́ ta ni ìkejì?"

Adákẹ́ dákẹ́. Kọ́bùrù kò ní nǹkan láti jẹ́wọ́, ló bá kàn ń wa ọkọ̀ lọ.

*

Ní àgọ́, ó jókòó sójú Ẹlẹ́tí.

"Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn ńkọ́? Ibo lo máa ń bá a?"

"Ìdajì géérégé. Ibi tí mo bá fi í sí, ibẹ̀ náà ni mo máa ń bá a."

"Kìlómítà tó rìn ńkọ́?"

"Aago yẹn ti kú kí ìyá wọn tó kú. A kò rí irú rẹ̀ rà."

Adákẹ́ dákẹ́. Ẹlẹ́tí nu ojú, ó sì tún sọ̀rọ̀ bí mo ti sọ fún yín pé wọ́n máa ń sọ ọ́.

"Ohun kan wà tó máa ń dùn mọ́ mi, Màmá. Ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì rẹ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́. Èyí kì í rẹ̀. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á jí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mo máa ń yin ara mi pé mo mọ ìtọ́jú."

"Ohùn burúkú yẹn, ìgbà wo lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ?"

"N kò gbọ́ ọ rí. Ojú títì tó tẹ́jú ni mo máa ń gbà. Epo lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọkọ̀ yẹn lẹ́nu lórí ilẹ̀ títẹ́jú, àgàgà tó bá dúró lójú kan. Ìgbà tó bá ń gun òkè, tó ń fa ara rẹ̀, ni iná á máa ràn nínú rẹ̀ ṣáájú àkókò. Á wá máa kan, bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo."

"Tún ìyẹn sọ."

Ó tún un sọ. Adákẹ́ dìde.

"Màmá," ni Ẹlẹ́tí wí, "ọmọ mi obìnrin gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà tí wọ́n dì mí ní ṣòkòtò. Tí orúkọ olè bá lẹ̀ mọ́ mi, ta ló tún máa fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ mi?"

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Adákẹ́ dé ilé Mátírọ́ọ̀nù, Ẹlẹ́tí àti Kọ́bùrù lẹ́yìn rẹ̀. Koríko iwájú ilé ti ga dé ojúgun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáráàjì, kẹ́ẹ̀gì epo ẹ̀rọ ìgékoríko wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

"Ta ló ń gé koríko yín?" ni Adákẹ́ bi Mátírọ́ọ̀nù.

"Bàbá mi ni. Ní gbogbo Ọjọ́rú, tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ìdárayá rẹ̀ nìyẹn. Mo ń ra kẹ́ẹ̀gì kan fún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì."

Adákẹ́ tún wo koríko náà. Ó ní kí Ẹlẹ́tí lọ tan ọkọ̀ ní gáráàjì, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wọ pálọ̀ lọ.

Bàbá Tíṣà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀ bí ẹni pé agogo iléèwé ṣì máa lù.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Mo rò pé ọkùnrin ni wọ́n máa rán wá."

"Iṣẹ́ tó rọrùn ni wọ́n fi rán àwọn ọkùnrin."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà."

"Èmi ni. Bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo."

"Ibo lẹ wà tí ẹ fi gbọ́ ọ?"

"Orí àga yìí. Ẹlẹ́tí ń tan ọkọ̀ lọ́wọ́."

Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pupa náà jí ní gáráàjì. Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó nípọn, ó ń lọ geere, kò já. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ òkúta, Bàbá?"

"Kò… kò ṣe é lónìí."

"Epo ọ̀hún náà ló ṣì wà nínú rẹ̀. A kò tíì fọwọ́ kàn án."

Bàbá yíjú sí fèrèsé. Adákẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ìṣirò máa ń fún mi ní ìnira níléèwé. Ẹ bá mi ṣe ọ̀kan."

Ẹ mọ bí tíṣà ṣe rí. Ọwọ́ Bàbá ti wà létí rẹ̀, ó ti fa pẹ́ńsù yọ kó tó mọ̀.

"Táǹkì kan wà, epo inú rẹ̀ wà ní ìdajì. Ẹnì kan ń bu súpà sí i lọ́sẹ̀ méjì-méjì. A wá yẹ̀ ẹ́ wò, epo lásán ti dà mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ kò sì kúrò ní ìdajì rí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Iye tó ń jáde ni iye tó ń wọlé."

"Ṣé olè ni?"

"Olè kì í dá a padà." Bàbá ń kọ ọ́ sínú ìwé. "Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ni, tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

"Ẹni yìí gbọ́ ohùn kan tí ọkọ̀ náà kì í dún àfi tó bá ń gun òkè. Ó wá sọ ọ́ nílé. Ibo ló wà nígbà tó gbọ́ ọ?"

Pẹ́ńsù dúró díẹ̀.

"Ó wà nínú ọkọ̀. Lórí òkè."

"Ẹni mélòó ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Mẹ́ta."

"Ẹlẹ́tí ńkọ́? Ṣé òun ló sọ nílé pé ohùn náà bàjẹ́?"

"Rárá. Yọ ọ́ kúrò. Ó ku méjì."

"Mátírọ́ọ̀nù wà lọ́sibítù ní gbogbo Ọjọ́rú. Mo ti wo ìwé iṣẹ́ wọn. Epo tí ẹ fi ń gé koríko sì ń tán, koríko ń ga."

Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tí wọ́n sì yà bàrá. Bàbá Tíṣà lè yà. Àmọ́ ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ṣe ìṣirò dé òpin, ì báà má dùn mọ́ wọn. Ó yọ ọ̀kan kúrò nínú méjì, ó kọ èyí tó kù sílẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí.

Mátírọ́ọ̀nù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá?"

"Ọjọ́rú ni Màmá rẹ máa ń wá gbé mi níléèwé," ni Bàbá wí. Ìwé ló ń wò. "A ó gun òkè lọ. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń gòkè, tí ohùn rẹ̀ ń ga sí i, òun náà á máa kùn mọ́ ọn lábẹ́ ọ̀fun, bí ẹni ń kọrin. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. N kò sọ fún un rí, kó má bàa jáwọ́. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀."

"Pẹ̀lú ojú yẹn, Bàbá? Tí ẹ bá gbá ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Mo ń rọra…"

"Ojú kì í rọra ríran."

Bàbá fi pẹ́ńsù sílẹ̀. "Mo máa ń fi ife ìdíwọ̀n dá iye tí mo bá lò padà, kò lé, kò dín. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ni mo ń bù, torí wọ́n mọ̀ mí ní ilé epo, wọ́n á sọ fún ọ. Mo rò pé epo kan náà ni gbogbo wọn. Ó wá di bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Mo rò pé ọkọ̀ náà ń darúgbó ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, ó máa ń burú sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o pe ẹni tó máa tún un ṣe."

"Bàbá," ni Adákẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ ń bu ohun tó ń fọ́ ọ sí i."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Bí mo ṣe ń wá a tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń lé e lọ."

Ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́ ní gáráàjì. Ẹlẹ́tí ti wọlé, ó dúró lẹ́yìn Mátírọ́ọ̀nù, ó ti gbọ́ tó.

"Bàbá, láti àná lẹ ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni mò ń bu epo lásán sí i."

"Mo mọ̀."

"Mo sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní wọ́n á wádìí, wọ́n á rí i pé o ò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n á tú ọ sílẹ̀." Bàbá gbójú sókè. "Mo fi orúkọ rẹ ra Ọjọ́rú mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Ẹ má sọ ọ́ níbí," ni Ẹlẹ́tí wí. "Ibi tí wọ́n ti dì mí ní ṣòkòtò ni kí ẹ ti wá sọ ọ́."

*

Ọjọ́rú ni ọjọ́ kejì. Bàbá Tíṣà wọ kóòtù tó fi ń lọ iléèwé nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù, Mátírọ́ọ̀nù ń tẹ̀ lé e. Ó dúró láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀.

"Èmi ni mo bu epo lásán sínú ọkọ̀ ìyàwó mi," ló wí. "Ẹlẹ́tí kò jí nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́."

Ẹnì kan pariwo láti abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, "Bàbá, ẹ tún un sọ, ẹ́ńjìnnì mi ò jẹ́ kí n gbọ́."

Wọ́n ní kí onítọ̀hún pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá tún un sọ, ó sì gbé ohùn sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mátírọ́ọ̀nù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti rin, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo pè yín lólè, Bọ̀dá. Ẹ má bínú." Ẹlẹ́tí kò yára dáhùn. Nọ́ọ̀tì tó ń dì lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ dì tán, ó tún dán an wò bóyá ó le. Ó wá nu ọwọ́.

"Ẹ dìde, Mátírọ́ọ̀nù. Epo kì í jáde lára aṣọ funfun."

Ọkọ̀ pupa náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹlẹ́tí ti fa gbogbo epo àdàlù náà dànù láàárọ̀, ó ti bu súpà sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún Bàbá, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló sì fi í sí, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń wa ọkọ̀.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹlẹ́tí tẹ iná mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà fa ara rẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ohùn náà sì ń lọ sókè láìfọ́, láìkan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe fẹ́ kó rí. Bàbá di ojú. Ó gbé etí sílẹ̀ dé orí òkè pátápátá.

"Ṣé òun nìyẹn?" ni Ẹlẹ́tí bi í.

"Òun ni. Ó pé pérépéré, kò ku nǹkan kan."

Bàbá la ojú, ó sì yíjú sí ìjókòó awakọ̀ kí ó tó rántí. Ẹlẹ́tí ló wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì lórí ọwọ́ ìdarí. Kò wò ó. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ ló ń wò, títí Bàbá fi nu ojú tán.

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́ta," ni Ẹlẹ́tí wí. "Èmi ni n óò wà á."

Mi ò sí níbẹ̀ o. Ẹlẹ́tí ló sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń wọn èjìká rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì sọ ọ́ fún mi.